Ilẹ̀ àti Ìdásílẹ̀ Ìpínlẹ̀: Àpẹẹrẹ Mówè, Ìbàfo àti Ìfọ̀

Nígbà tí Ohio di ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1803, ìjọba àpapọ̀ ya ìpín kan nínú 36 ilẹ̀ agbègbè kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò bá ìdásílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn rìn. Àṣẹ ìjọba ológun ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976; Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 ló fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Síbẹ̀, ní Mówè, Ìbàfo àti Ìfọ̀, ọwọ́ ẹbí onílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èrò Èkó ti ń ra ilẹ̀. Níbi tí ilé bá ti kún, kò sí bí ìjọba ṣe lè rí ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ láìwólé, láìsan owó gbà-má-bìínú. Ó yẹ kí àwọn tó ń béèrè ìpínlẹ̀ tuntun kọ́kọ́ béèrè ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́.