Iná Aláwọ̀ Mẹ́ta Lára Máòsì: Ẹwà Ni, Kì í Ṣe Eré Sísá

Ọlidé ti ń sún mọ́lé, púpọ̀ nínú wa ló sì ti ń tọ́jú owó láti ra máòsì géèmù, irú èyí tí iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ tí kò sì ní wáyà. Owó kékeré kọ́ o. Kí a tó ná an, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí iná yẹn ń ṣe, ká sì mọ ohun tí kò lè ṣe.

Àwọ̀ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Àwọn ni lẹ́tà RGB ara páálí dúró fún. Iná tín-íntìn tí à ń pè ní LED ló ń tàn wọ́n, ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 sì ni àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ ṣírò 256 × 256 × 256, 16,777,216 ni ẹ ó rí. Ibẹ̀ ni "àwọ̀ mílíọ̀nù 16.8" tí wọ́n ń fi polówó ti wá. Pupa àti ewé tàn pọ̀, ó di yẹ́lò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tàn pọ̀, ó di funfun.

Àwọ̀ aró ló pẹ́ jù kó tó dé. LED pupa tí ojú ń rí ti wà láti 1962, ṣùgbọ́n ó di nǹkan bí 1990 sókè kí ti aró tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, tí wọ́n bí ní Japan, ló yanjú rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2014.

Ó dáa, báwo ni máòsì tí kò ní wáyà ṣe ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀? Ìgbì rédíò ni, ní 2.4 GHz, láti inú máòsì sí rìsífà kékeré tí à ń kì bọ ojú USB. Máòsì ọ́fíìsì sábà máa ń ránṣẹ́ nígbà 125 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti géèmù ń ránṣẹ́ nígbà 1,000, àwọn tuntun kan tilẹ̀ ti dé 8,000. Ibí yìí gan-an ni eré sísá wà. Iná kò bá wọn dá sí i rárá.

Ohun tí iná mọ̀ ọ́n ṣe ni kó jẹ bátìrì. Logitech sọ pé G502 Lightspeed wọn, ti 2019, ń lo wákàtí 48 tí iná bá ń tàn, àti 60 tí a bá pa á. Ní 2020 wọ́n ṣe G Pro X Superlight fún àwọn tó ń fi géèmù jẹun: kò tó gíráàmù 63, bátìrì rẹ̀ ń lo wákàtí 70, kò sì ní iná RGB kankan lára! Àwa tí NEPA ń mú iná wa lọ, ṣé ó yẹ ká gbàgbé ìyẹn?

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé ọjà:

1. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà mélòó ló ń ránṣẹ́. 1,000 ti tó.
2. Ẹ wò ó bóyá ó ní rìsífà tirẹ̀. Bluetooth nìkan sábà máa ń lọ́ra.
3. Ẹ má fi rìsífà jìnnà sí máòsì. 2.4 GHz kan náà ni Wi-Fi àti Bluetooth ń lò. Tí èèyàn púpọ̀ bá péjọ sí yàrá kan, ariwo á pọ̀ lójú ọ̀nà.
4. Bí iná bá wù yín dandan, ẹ tan pupa nìkan, kẹ́ ẹ sì dín in kù. Funfun ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà. Máòsì náà ní ìwà tirẹ̀: kó tètè jíṣẹ́, kí bátìrì rẹ̀ sì tọ́jọ́. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ fowó rà.