Yíyan Gìtá Kékeré: Ara Rẹ̀ Ọ̀tọ̀, Okùn Rẹ̀ Ọ̀tọ̀

Gìtá onígi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí gìtá gidi lóde òní, èyí tí ara rẹ̀ fẹ̀ tí inú rẹ̀ sì jìn, kò pẹ́ láyé tó bí wọ́n ṣe rò. Ọdún 1916 ni ilé iṣẹ́ Martin, tó wà ní ìlú Nazareth ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ fún ilé ìtajà Ditson, wọ́n sì fi orúkọ ọkọ̀ ogun ńlá kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní nígbà náà pè é, ìyẹn Dreadnought. Ó di 1931 kí Martin tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lórúkọ ara rẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, gìtá tí ara rẹ̀ kéré ni àwọn onígìtá ń lò, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí gìtá ń ṣe. Ẹni tó bá wá ń wá gìtá kékeré lónìí, yálà nítorí ìrìn àjò, nítorí yàrá tóóró tàbí nítorí ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ orin, kò yẹ kó gbà pé àbọ̀ gìtá ni òun ń rà.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè dín kù lára gìtá kó tó di kékeré. Èkíní ni ara rẹ̀, àpótí oníhò tó ń gbé ohùn okùn jáde. Èkejì ni gígùn ibi tó ń dún lára okùn, èyí tí wọ́n ń wọ̀n láti ara egungun pẹlẹbẹ tó gbé okùn dúró ní orí ọrùn gìtá títí dé ara èyí tó gbé e dúró lórí àpótí. Àwọn ọlọ́jà kì í sábà ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún oníbàárà. Wọ́n á ní ó kéré, ó parí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ra èyí tí kò bá ọwọ́ wọn mu.

Lórí Dreadnought ti Martin, ibi tó ń dún lára okùn gùn ní ínṣì 25.4. Ti Little Martin jẹ́ ínṣì 23, ti Baby Taylor, tí ilé iṣẹ́ Taylor ní California gbé jáde ní 1996, jẹ́ 22.75, nígbà tí ti GS Mini, tí ilé iṣẹ́ kan náà gbé jáde ní 2010, jẹ́ 23.5. Ínṣì méjì lè má jọ nǹkan kan lójú, ṣùgbọ́n bí okùn kan náà yóò bá dún ní ohùn kan náà, dídẹ̀ rẹ̀ máa ń yá ju kíkúrú rẹ̀ lọ: okùn tó wà lórí ínṣì 23 yóò fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún dẹ̀ ju èyí tó wà lórí ínṣì 25.4. Ìka ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ yóò gbádùn ìyẹn, nítorí pé okùn kò ní gé e lọ́wọ́. Àmọ́ okùn tó bá dẹ̀ jù a máa gbọ̀n lu irin ara ọrùn gìtá, ohùn rẹ̀ a sì máa yẹ̀ bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ líle. Ìdí nìyí tí okùn tí Taylor ń fi sórí GS Mini láti ilé iṣẹ́ fi nípọn ju èyí tí wọ́n sábà ń fi sórí gìtá ńlá lọ.

Bí okùn bá ṣe ń kúrú náà ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò sí ọrùn gìtá, tí wọ́n ń pè ní fírẹ́ẹ̀tì, ṣe ń súnmọ́ ara wọn. Láti orí ọrùn dé fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, Dreadnought ní nǹkan bí mìlímítà 36, Baby Taylor sì ní nǹkan bí 32, bí ọwọ́ sì ṣe ń gòkè ọrùn ni àyè ń fún sí i fún oníka ńlá. Ẹni tó bá rí gìtá ńlá yá lò lè mọ bí èyí ṣe rí kó tó náwó: kó dẹ gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà títí ohùn wọn yóò fi wálẹ̀ ní ìwọ̀n fírẹ́ẹ̀tì méjì, kó wá fi kápò, ohun èlò tó ń há okùn mọ́ ọrùn gìtá, sí fírẹ́ẹ̀tì kejì. Ohùn gìtá yóò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, okùn tó kù tó ń dún yóò sì jẹ́ nǹkan bí ínṣì 22.6, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Baby Taylor. Kó ta á báyìí fún ọjọ́ mélòó kan. Ọwọ́ rẹ̀ yóò sọ òótọ́ fún un.

Ní ti àpótí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ní ohùn tirẹ̀, bí àpótí bá sì ṣe tóbi tó ni ohùn náà ń wálẹ̀ tó. Nínú gìtá ńlá, afẹ́fẹ́ yìí máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kò jìnnà sí okùn tó nípọn jù lọ, èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 82. Nínú àpótí kékeré, ó máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà okùn ìsàlẹ̀ a pàdánù ẹni tó ń gbè é, kò sì sí okùn olówó iyebíye tó lè tún un ṣe. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo orin ló nílò ìró ìsàlẹ̀ tó wúwo. Àwọn atukọ̀ Kru láti etíkun Làìbéríà, tí wọ́n ń bá ọkọ̀ òyìnbó ṣiṣẹ́, wà lára àwọn tó mú ọ̀nà títa gìtá pẹ̀lú àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e dé Èkó, níbi tó ti di orin ilé ẹmu; Tunde King, tó gba rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Parlophone ní 1936, gìtá-báńjò ló ń ta. Ohun tí irú orin bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ni kí okùn kọ̀ọ̀kan dún ketekete, kó sì fi àyè sílẹ̀ fún ohùn ẹni tó ń kọrin, gìtá kékeré sì mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló fẹ́ràn gìtá kékeré nítorí akọrin Ed Sheeran, tó dá nìkan fi gìtá kékeré kọrin ní pápá ìṣeré Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Keje 2015. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ agbóhùn inú gìtá àti ẹ̀rọ tó ń tún ohùn wí lẹ́sẹ̀ ló gbé orin náà dé etí èrò, kì í ṣe àpótí kékeré náà.

Igi tí wọ́n fi ṣe ojú gìtá ṣe pàtàkì ju ti ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ojú ló ń gbọ̀n jù. Little Martin LX1 ní ojú tí wọ́n fi odidi pákó igi spruce ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe pákó: ìpele bébà ni, tí wọ́n fi àtè rẹ, tí wọ́n sì fi ooru tẹ̀ pọ̀ títí ó fi le. Irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ kì í tètè là nígbà ọyẹ́, tàbí nínú ilé tí ẹ̀rọ amúlémóoru ti ń gbẹ afẹ́fẹ́ ní ìgbà òtútù, nígbà tó jẹ́ pé odidi pákó ń fẹ́ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tó tó ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti mọ ojú tó jẹ́ odidi pákó, kí olùrà tẹjú mọ́ etí ihò gìtá: bí ìlà inú igi bá gba ojú wọ inú etí ihò láìdáwọ́ dúró, odidi ni, bó bá rí ìpele bíi mẹ́ta tó lẹ̀ mọ́ra, àlẹ̀pọ̀ ni.

Fún ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá, Yamaha JR2, tí okùn rẹ̀ gùn ní nǹkan bí ínṣì 21.25, tó. Àgbàlagbà tó fẹ́ gìtá kan ṣoṣo fún ilé àti ìrìn àjò yóò jèrè GS Mini ju Baby Taylor lọ, torí pé àpótí rẹ̀ jìn jù ú, okùn rẹ̀ sì gùn jù ú. Ẹni tí ìka rẹ̀ tóbi, tó sì jẹ́ pé fífẹ̀ Dreadnought lábẹ́ apá nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó wá irú gìtá tí Martin ń pè ní 000, tí ìbàdí rẹ̀ fún, tí okùn rẹ̀ sì gùn ní ínṣì 24.9.

Èyí ó wù kó jẹ́, kí olùrà rọra fi ìka kan okùn lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá láìtẹ̀ ẹ́, kó ta á, kó wá tẹ okùn náà mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kó tún ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Lórí okùn kúkúrú, àṣìṣe kékeré níbi tí wọ́n gbé egungun sí máa ń hàn ju ti gìtá ńlá lọ, nítorí náà kó ṣe é lórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì yẹ̀, kó ní kí ọlọ́jà gbé òmíràn wá.