Kọ̀ǹpútà Géèmù Àkọ́kọ́: Níbo Ni Kí Owó Wa Lọ?

Ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń fa àríyànjiyàn láàárín òbí àti ọmọ lóde òní ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí a lè fi ṣe géèmù. Ọmọ á ní òun fẹ́ ẹ, bàbá á ní owó kò sí, ìyá á bèèrè pé ṣé èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń tẹ ìwé kò tó ni. Nígbà tí owó bá wá jàjà jáde, wọn a lọ sí Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, wọn a gbé àpótí tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú wálé. Ọjọ́ kejì ni wọn yóò tó mọ̀ pé géèmù tí ọmọ torí rẹ̀ sunkún kò lè ṣí lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń pín owó náà, kí ẹ̀yin òbí lè bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ ohun tí ẹ ń bèèrè.

Télọ̀ kì í gé aṣọ kí ó tó wọn ọmọ. Ohun tí a óò kọ́kọ́ bèèrè ni pé, géèmù wo? Àwọn tó ń ṣe géèmù máa ń kọ ohun tí ó ń fẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀nà méjì: èyí tó kéré jù tí yóò fi ṣí, àti èyí tí yóò fi rìn dáadáa. Ìkejì ni kí ẹ mú dání lọ sọ́jà. EA Sports FC 24, géèmù bọ́ọ̀lù tó jáde ní 2023, ń fẹ́ RAM 8GB ó kéré tán, 12GB kí ó tó rìn bó ṣe yẹ, ó sì ń gba àyè 100GB. Ẹ ro owó dátà tí a óò fi gbé 100GB wọlé mọ́ owó kọ̀ǹpútà o! Minecraft kò le tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni graphics card, ìyẹn káàdì tó ń ya àwòrán. Ojú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ ní àmì tíntìntín 1920 ní ìbú, 1080 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àpapọ̀ wọn lé ní mílíọ̀nù méjì. Kí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù tó lè máa yí láìkọsẹ̀, káàdì yìí ní láti ya gbogbo wọn nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú 4K tí àwọn ọlọ́jà ń pọ́n jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin iṣẹ́ yìí. N kò rí ohun tí ẹni tó ń ra àkọ́kọ́ ń wá lọ síbẹ̀.

Dọ́là kò jẹ́ kí iye ọjà dúró sójú kan, nítorí náà ìpín ni n óò sọ. Ẹ yọ owó ojú kọ̀ǹpútà, kíbọ́ọ̀dù, UPS àti dátà sọ́tọ̀. Bí a bá pín ìyókù sí mẹ́wàá, kí mẹ́rin lọ sí káàdì, kí méjì lọ sí processor, kí mẹ́rin yòókù ra bọ́ọ̀dù, RAM, SSD, power supply àti àpótí. RAM 16GB tó. SSD ni kí ẹ rà, kì í ṣe háàdì dísíìkì tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ní ti iná aláwọ̀ òṣùmàrè inú àpótí, kò gbá góòlù wọlé rí.

Orúkọ processor ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọn a ní "Core i7 ni," oníbàárà á sì mi orí. Core i7-2600 jáde ní 2011, Core i3-12100 jáde ní 2022, i3 yìí sì yára ju i7 yẹn lọ dáadáa. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé orúkọ ni kí ẹ wò: 2600 jẹ́ ìran kejì, 12100 jẹ́ ìran kejìlá. Àyàfi díẹ̀, Windows 11 kò fọwọ́ sí processor Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, Microsoft sì dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10 dúró fún gbogbo ènìyàn ní October 2025. Bí ẹ bá rí F níparí, bíi i5-12400F, kò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀. Láìsí káàdì, ojú kọ̀ǹpútà yóò ṣókùnkùn. Ryzen 5 5600G ní tirẹ̀ ní àwòrán nínú, ó sì lè ṣe àwọn géèmù tí kò wúwo. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè fi í bẹ̀rẹ̀, kí ó ra káàdì lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀nà mìíràn tí àwọn ènìyàn ń gbà dín owó kù ni kí wọ́n ra tókunbọ̀ tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì lókè òkun, kí wọ́n wá ki káàdì bọ̀ ọ́. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwọn àpótí pẹlẹbẹ. Káàdì ńlá kò lè wọ inú wọn, power supply wọn kò lágbára, okùn rẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti ọjà. RX 580, tó jáde ní 2017, lè gba 185 watt, okùn tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wá láti power supply. GTX 1650, tó jáde ní 2019, kì í gbà ju 75 watt lọ; ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ ló ń gba gbogbo iná wọn láti ara bọ́ọ̀dù, àwọn kúkúrú tó lè wọ àpótí pẹlẹbẹ sì wà. Agbára RX 580 ju tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀, 110 watt tó wà láàárín wọn tó láti tan gílóòbù oní-10 watt mọ́kànlá. Ilé tó ń lo inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ má ṣe ra power supply tí kò lórúkọ, nítorí pé bí ó bá jóná, ó lè mú bọ́ọ̀dù àti káàdì lọ pẹ̀lú rẹ̀. UPS náà ṣe pàtàkì, nítorí bí NEPA bá mú iná lójijì, iṣẹ́ ilé-ìwé tí ọmọ ń tẹ̀ lọ́wọ́ lè bá a lọ.

Kí ẹ tó san owó tán, ẹ ní kí ọlọ́jà ṣí géèmù fún yín ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó sì máa rìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Káàdì tó ti rẹ̀ máa ń gbóná, àwòrán rẹ̀ á máa já tàbí kí kọ̀ǹpútà kú pátápátá. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ nọ́ńbà processor, káàdì àti RAM sórí rìsíìtì ní kíkún, kì í ṣe "kọ̀ǹpútà géèmù kan" lásán.