Ọ̀pá Ni Tàbí Ọwọ́? Àlàyé lórí Gbígbá Ilẹ̀ Ṣáájú Bọ́ọ̀lù Nínú Eré Gọ́ọ̀fù

Nínú gbogbo àṣìṣe tí ó máa ń bá ẹni tí ó ń kọ́ eré gọ́ọ̀fù fínra, bóyá ni òmíràn wà tí ó ń dójú tini tó kí orí ọ̀pá kọ́kọ́ bá ilẹ̀ kí ó tó kan bọ́ọ̀lù. Ilẹ̀ a dún gbì, koríko àti erùpẹ̀ a fò sókè, bọ́ọ̀lù tí ó yẹ kí ó rin yáàdì 150 a sì rọra yí gbirigbiri lọ sí iwájú díẹ̀, a dúró. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa pe irú ìgbá bẹ́ẹ̀ ní ìgbá tí ó sanra, bí ẹni pé ilẹ̀ tí ọ̀pá bù ni ọ̀rá rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni ohun tí ó lè wo àrùn náà sàn: ṣé ọ̀pá tuntun ni, tàbí àtúnṣe sí bí ènìyàn ti ń fi ọ̀pá?

Àríyànjiyàn lórí èyí pín àwọn tí ó ń gbá gọ́ọ̀fù sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan dúró lórí pé irinṣẹ́ ni. Wọ́n ní ọ̀pá tí ìdí rẹ̀ gbòòrò kì í wọlẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí ó bá ń họ ilẹ̀ lọ ra irú rẹ̀. Àwọn kejì ní bí ènìyàn ti ń lo ara rẹ̀ ni, pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá yóò họ ilẹ̀ bí a tilẹ̀ fi wúrà rọ ọ̀pá fún un. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti ẹnu lásán. Odidi àpò ọ̀pá kan, èyí tí òfin kò gbà kí ó ju ọ̀pá 14 lọ, owó ńlá ni fún olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó tún kan ìlera. Egungun kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní hamate. Bí ọ̀pá bá ṣàdédé bá ilẹ̀ líle dúró, ìdí ọ̀pá tí ó wà lọ́wọ́ lè ṣẹ́ egungun náà. Ẹni tí ó bá ra oògùn tí kì í ṣe ti àrùn rẹ̀ ti pàdánù owó, kò sì bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Lílóye ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú lásán kì í rí. Ní ọdún 1968, Alastair Cochran àti John Stobbs gbé ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Search for the Perfect Swing, níbi tí wọ́n ti ṣe àkójọ ìwádìí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ní Bìrìtéènì lórí eré yìí. Wọ́n fi hàn pé a lè wo apá àti ọ̀pá bí igi méjì tí a so pọ̀ ní ọrùn ọwọ́: igi òkè ń fì láti òkè àyà, igi ìsàlẹ̀ sì ń fì láti ọrùn ọwọ́. Wọ́n tún fi hàn pé orí ọ̀pá kì í bá bọ́ọ̀lù wà pọ̀ ju nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tí ó yára tó láti ṣe àtúnṣe láàárín irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀lù ti di píparí kí ọ̀pá tó dé ibẹ̀.

Bí jáńgìlófà tí ọmọdé ń gùn ti máa ń rẹlẹ̀ jùlọ ní ojú kan ṣoṣo kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, bẹ́ẹ̀ ni orí ọ̀pá ní ojú kan tí ó ti máa ń rẹlẹ̀ jùlọ. Lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá, tí ó sì ń fi ọ̀pá onírin gbá bọ́ọ̀lù tí ó wà lórí ilẹ̀, ojú ibẹ̀ kì í sí lábẹ́ bọ́ọ̀lù. Íǹṣì mélòó kan ní iwájú rẹ̀ ni ó ń wà, ní ìhà ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ọ̀pá ṣì ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ó kan bọ́ọ̀lù. Ẹ̀rọ rédà òde òní ti wọn èyí: àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ọkùnrin ní Amẹ́ríkà ń fi ọ̀pá onírin keje sọ̀kalẹ̀ bá bọ́ọ̀lù ní nǹkan bíi dígírì 4. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ tí wọ́n ń họ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti iwájú bọ́ọ̀lù, tí kì í bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Híhọ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tí a ti họ ọ́ ni ẹjọ́ wà.

Kí ni ó ń gbé ojú ibi rírẹlẹ̀ yìí sẹ́yìn? Èyí tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ni pé ìwúwo ara kọ̀ láti kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹni tí ó ń lo ọwọ́ ọ̀tún a gbé ara lọ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún nígbà tí ó ń gbé ọ̀pá sókè, èyí kò sì burú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá bá ń bọ̀ wálẹ̀ tí ara sì jókòó síbẹ̀, àárín òbírí náà ti sún sẹ́yìn, ilẹ̀ ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ni ọ̀pá yóò sì bù. Ohun tí ó ń fa èyí kò ṣòro láti mọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ran bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ láti fò. Ó fẹ́ fi ọ̀pá bu bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni tí ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀. Kò gbà pé bí ojú ọ̀pá ti dà sẹ́yìn ti tó láti gbé bọ́ọ̀lù dìde. Ìdí kejì ni títú ọrùn ọwọ́ sílẹ̀ ṣáájú àkókò, bí apẹja tí ń da àwọ̀n, tí ọ̀pá fi ń na tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù. Ben Hogan, ẹni tí ìwé rẹ̀ Five Lessons jáde ní 1957, tẹnu mọ́ ọn pé ọrùn ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ ṣáájú orí ọ̀pá nígbà tí a bá ń kan bọ́ọ̀lù. Àwọn ìdí yòókù kò gba àlàyé púpọ̀: kí orúnkún tẹ̀ ju bí ó ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ, kí orí rì sílẹ̀, tàbí kí a gbé bọ́ọ̀lù sí iwájú jù láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì.

Àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé irinṣẹ́ náà kò sọ̀rọ̀ lásán, nítorí pé ìtàn wà lẹ́yìn wọn. Gene Sarazen, ará Amẹ́ríkà, ni a mọ̀ jùlọ mọ́ wẹ́ẹ̀jì iyanrìn òde òní. Ó jó òjé mọ́ ìdí ọ̀pá rẹ̀ títí ìdí náà fi yọ sísàlẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ ọkọ̀ òfurufú ni ó ní òye náà ti wá, láti ara bí ìrù ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá ń gbéra. Ní 1932 ni ó gba ìdíje Open ti Bìrìtéènì ní Prince's, ní Sandwich. Ẹni tí ó bá ti roko rí yóò tètè mọ ohun tí ó ṣe. Bí ẹnu ọkọ́ bá dojú kọ ilẹ̀, yóò wọlẹ̀ ṣinṣin. Bí ọkọ́ bá sùn sílẹ̀, yóò kàn ha orí ilẹ̀ kọjá ni. Yíyọ tí ìdí ọ̀pá yọ sísàlẹ̀ yìí ni àwọn oníṣòwò ọ̀pá ń pè ní bounce. Ti wẹ́ẹ̀jì iyanrìn sábà máa ń wà láàárín dígírì 10 sí 14; ti àwọn wẹ́ẹ̀jì tí a ṣe fún ilẹ̀ líle lè má ju 4 sí 6 lọ. (Nínú kòtò iyanrìn tí ó wà lẹ́bàá ihò, a máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tí ó jẹ́ àṣìṣe lórí koríko: iyanrìn ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ni a ń gbá, iyanrìn náà ni ó sì ń gbé bọ́ọ̀lù jáde.)

Ṣùgbọ́n àǹfààní yìí ní ààlà. Lórí ilẹ̀ rírọ̀ lẹ́yìn òjò, ìdí tí ó gbòòrò lè mú kí ọ̀pá yọ̀ kọjá nígbà tí àṣìṣe náà kò bá pọ̀. Lórí ilẹ̀ tí ọyẹ́ ti mú gbẹ, ọ̀pá kan náà yóò ta kúrò lórí ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò sì bá àárín bọ́ọ̀lù, tí bọ́ọ̀lù náà yóò sáré nílẹ̀ kọjá ibi tí a ń fojú sùn. Àṣìṣe kan ni ó di òmíràn. Bákan náà ni ọ̀ràn àwọn ọ̀pá tí a gbẹ́ ẹ̀yìn wọn, tí a kó ìwúwo wọn sí etí, irú èyí tí Karsten Solheim, ẹnjiníà tí a bí ní Norway tí ó sì dá ilé-iṣẹ́ Ping sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, sọ di olókìkí. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tí bọ́ọ̀lù kì í bá àárín ojú ọ̀pá rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àrùn tí a ń sọ níhìn-ín. Ìpolówó ọjà kì í sábà ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ìgbà kan wà tí irinṣẹ́ jẹ̀bi ní tòótọ́. Ọ̀pá onírin keje sábà máa ń gùn tó nǹkan bí íǹṣì 37. Ọmọdé tàbí ẹni kúkúrú tí ó yá ọ̀pá àgbàlagbà tí ó ga lò yóò máa bá ilẹ̀ jà. Bí a ti fi orí ọ̀pá lé igi rẹ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí pé bí igun rẹ̀ kò bá bá ènìyàn mu, gìgísẹ̀ tàbí imú ọ̀pá ni yóò kọ́kọ́ gún ilẹ̀. Irú èyí ni ọ̀gá tí ó mọ̀ nípa wíwọn ọ̀pá lè tún ṣe, kì í sì í gbà ju ká tẹ irin tàbí ká gé e kúrú lọ.

Ìgbá kan tí gbogbo ayé rí fi ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà rìn hàn kedere. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 1971, Alan Shepard gbé orí ọ̀pá onírin kẹfà kan lé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń bu erùpẹ̀ òṣùpá, ó sì fi gbá bọ́ọ̀lù lórí òṣùpá. Ìgbá àkọ́kọ́ rẹ̀ bu erùpẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ, ẹnìkejì rẹ̀ sì bá a ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀. Orí ọ̀pá náà kò ní àbùkù. Aṣọ òfurufú ni ó le gbagidi, tí kò jẹ́ kí ó lè fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ara yí. Lọ́nà kejì, Seve Ballesteros ará Spain fi ọ̀pá onírin kẹta kan ṣoṣo kọ́ eré náà ní etí òkun Pedreña nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ kì í dárí ji ẹni tí ó bá fi bu iyanrìn. Ní 1979 ó gba ìdíje Open.

Wọ́n lè ní ẹyẹ kì í fi apá kan fò, pé ọ̀pá àti ọwọ́ ni kí a pín ẹ̀bi náà fún dọ́gba. Pípín dọ́gba bẹ́ẹ̀ kò bá òtítọ́ mu. Ara ni ó ń pinnu ojú ibi tí ọ̀pá yóò ti rẹlẹ̀ jùlọ. Ọ̀pá kàn lè dín ìyà rẹ̀ kù ni, lẹ́yìn tí àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀. Sandy Lyle, ará Scotland tí ó gba ìdíje Open ti Nàìjíríà ní 1978, wà nínú kòtò iyanrìn ọ̀nà ihò kejìdínlógún ní Augusta ní 1988, ó sì nílò ìgbá kan tí kò ní kan iyanrìn ṣáájú bọ́ọ̀lù rárá. Ọ̀pá onírin keje ni ó lò. Bọ́ọ̀lù náà bọ́ sí òkè ihò, ó yí padà wá sílẹ̀, ìgbá tí ó tẹ̀ lé e sì fún un ní ife-ẹ̀yẹ Masters.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹjọ́ tirẹ̀ wà kò nílò ju ẹfun díẹ̀ lọ. Kí ó fi ẹfun fa ìlà kan sórí koríko, kí ìlà náà wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì níbi tí ó máa ń gbé bọ́ọ̀lù sí, kí ó sì fi ọ̀pá ní ìgbà 10 láì gbé bọ́ọ̀lù kankan síbẹ̀, kí ó máa sún síwájú lórí ìlà náà lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí híhọ bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìlà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ara ni kí ó kọ́kọ́ tún ṣe: kí ó gbé ìwúwo lọ sí ẹsẹ̀ iwájú láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀pá ní ìdajì agbára títí ìlà yóò fi mọ́. Bí híhọ bá ń bẹ̀rẹ̀ níwájú ìlà ṣùgbọ́n tí ó jinlẹ̀ ní ìhà gìgísẹ̀ tàbí imú nìkan, nígbà náà ni kí ó gbé ọ̀pá lọ fún ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n. Kí ó má ṣe dán èyí wò lórí àwọn ẹní oníke tí a ń tẹ́ sí pápá ìdánrawò. Ọ̀pá tí ó bá bá ẹní náà ní íǹṣì méjì sẹ́yìn yóò yọ̀ lórí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù yóò fò dáadáa, ẹni tí ó gbá a yóò sì lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú.