Bí kọ̀ǹpútà bá ní kí ẹ nu dísìkì, ẹ má kánjú gbà

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwe yìí bá àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ wí. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì, tó gba Ìsọlọ̀ kọjá, ni ọ̀pọ̀ ẹrù tòkunbọ̀ ń bá kúrò ní èbúté. Lọ́dún 2005, àjọ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi 500 kọ̀ǹténà ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣooṣù.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀rọ náà kì í ṣe irú kan náà. Ọmọ tó wà lókè òkun lè fi Mac kó àwòrán ìsìnkú bàbá rẹ̀ sínú háàdì dísìkì, kó fi í ránṣẹ́ sí Ìsọlọ̀. Bí wọ́n bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà Windows, ẹ̀rọ á bèèrè bóyá kí òun ṣe “format” rẹ̀. Ẹni tó bá gbà ti fa ẹrù náà lé òfò lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ sí ti ilẹ̀. Dísìkì dà bí ilẹ̀ tí wọ́n gé sí pulọ́ọ̀tì, ìwé sọ́fè rẹ̀ sì wà níbẹ̀rẹ̀ dísìkì náà. Sọ́fè MBR, tó bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà IBM lọ́dún 1983, kò gbà ju pulọ́ọ̀tì ńlá 4 lọ, kò sì lè wọn ilẹ̀ tó ju 2 TB lọ. GPT ló rọ́pò rẹ̀. Apple náà ní sọ́fè tirẹ̀ kó tó bọ́ sórí GPT lọ́dún 2006. Lórí pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ilé tí wọ́n ń kọ́ tún yàtọ̀: NTFS ni ti Windows, HFS+ tàbí APFS ni ti Mac, ext4 ló wọ́pọ̀ lórí Linux. Windows kò lè dá ka ti Mac. Mac lè ka NTFS, ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan kún un.

Nítorí náà, ẹ dáhùn pé rárá. Ẹ wá ẹni tó ní irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi kó ẹrù náà, kó bá yín da á kọ síbòmíràn. Bí ẹ bá ti ṣèèṣì gbà, ẹ má kọ ohun mìíràn sínú dísìkì náà, ẹ gbé e lọ fún onímọ̀. Èyí tí yóò máa ti ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn, exFAT ni kí wọ́n ṣe é sí. Windows, Mac àti Linux òde òní ló mọ̀ ọ́n kà. FAT32 àtijọ́ kò gba fáìlì tó tó 4 GB, bẹ́ẹ̀ fídíò ayẹyẹ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ tí ẹ kò lè ka ìwé sọ́fè rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí kò lólówó.