Masters sáyẹ́ǹsì láti ilé, níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́: ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú owó

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Sábó lẹ̀ ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀, yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ kan ní Iléṣà lẹ sì ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ ti wà nínú mọ́tò. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fi padà dé, àwọn onísùyà ti dáná. Fásitì OAU ò jìnnà sílé yín rárá, àmọ́ ọ̀sán ni kíláàsì, ọ̀sán náà sì ni iṣẹ́. Ṣé èèyàn lè wá gba Masters sáyẹ́ǹsì láìfi iṣẹ́ sílẹ̀?

Ó ṣeé ṣe. Owó ilé ìwé ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè, àmọ́ lójú tèmi, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: níbo lẹ ti máa ṣe ìwádìí yín?

Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni irinṣẹ́ yín, ọ̀rọ̀ yín rọrùn. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014 ni Georgia Tech ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ Masters ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo owó rẹ̀ nígbà náà ò ju nǹkan bíi $7,000 lọ. Nílé níbí, NOUN ní Masters nínú Information Technology. Ìjọba Shagari ló dá NOUN sílẹ̀ lọ́dún 1983, àwọn ológun tì í pa lọ́dún 1984, Ọbásanjọ́ sì wá jí i dìde. (Bàbá fúnra wọn padà lọ kàwé níbẹ̀ títí wọ́n fi gba oyè Dókítà!) Iṣẹ́ àmúrelé tí wọ́n ń pè ní TMA ló ni máàkì 30, ìdánwò ló ni 70 tó kù. Ìdánwò ọ̀hún, ẹ máa lọ jókòó ṣe é ni, ní study centre bí èyí tó wà l'Óṣogbo. Ẹ tètè tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe kẹ́mísírì tàbí microbiology ńkọ́? Kò sí fídíò tó lè bá yín wọn àsìdì. Àmọ́ ibi iṣẹ́ yín gan-an lè di láàbù yín. Ẹni tó ń yẹ omi kànga-ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wò lójoojúmọ́ lè ṣèwádìí bí omi náà ṣe ń yàtọ̀ láàárín òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Èsì ọdún kan péré ti tó nǹkan.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ilé iṣẹ́ ló ni èsì yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin. Kẹ́ ẹ tó mú àkòrí lọ bá olùkọ́, ẹ gba lẹ́tà: èsì wo lẹ lè lò, èwo lẹ lè tẹ̀ jáde, ta ló máa bójú tó yín níbi iṣẹ́. Bí ọ̀gá tó fẹnu lásán gbà fún yín bá kúrò, tí ẹni tuntun dé tó ní rárá, ọdún méjì ti wọlẹ̀ nìyẹn o.

Ẹ má sì tẹ̀ lé ẹni tó ní òun máa bá yín ṣe é kíákíá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan sọ bó ṣe gba digirí ní Kọ̀tọnù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ti dá yíyẹ ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo wò dúró. Àtẹni tó ra ìwé o, àtẹni tó kà á lóòótọ́ o, gbogbo wọn ló kàn.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún fásitì Nàìjíríà kankan, ẹ wo àkójọ NUC. Kí ẹ rí orúkọ fásitì níbẹ̀ nìkan ò tó. Ẹ wò ó bóyá NUC fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa kọ́ni láti òkèèrè.