Ariwo inú ẹ́ńjìnnì: Ohun tó yẹ kí ọlọ́kadà Líkòsì mọ̀ nípa tẹ́ńṣọ́nà

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù, tó wá yà sínú àwọn abúlé agbègbè Líkòsì, ọ̀kadà ló sábà máa ń gbé e dé ibi tó ń lọ. Òun ló ń gbé àgbẹ̀ lọ sóko, òun náà ló ń gbé ẹrù ọjà bọ̀. Bí ọ̀kadà kan bá wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì fún ọjọ́ mẹ́ta, owó ọjọ́ mẹ́ta ti lọ nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n gbà láti máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, ẹni tó ni ín kò ní tìtorí pé ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ kó má bèèrè owó rẹ̀.

Ọ̀kan lára ohun tó ń fa irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ ni tẹ́ńṣọ́nà, irin kékeré tó ń ti ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì kó má baà dẹ̀.

Kẹ́ ẹ má ṣì í gbọ́ o, kì í ṣe ṣéènì tó ń yí táyà ẹ̀yìn, tí gbogbo èèyàn ń fojú rí. Inú ẹ́ńjìnnì gan-an lèyí wà, òun làwọn mẹkáníìkì ń pè ní táímíǹgì ṣéènì. Òun ló so kíráńkì tó wà nísàlẹ̀ pọ̀ mọ́ kámúṣáàfù tó wà lókè, kí fáàfù lè máa ṣí, kó sì máa padé lásìkò. Bí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámúṣáàfù á yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀kadà ṣe ń rìn ni ṣéènì yìí ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀, tí sípíríǹgì àti irin eléyín inú tẹ́ńṣọ́nà sì ń tẹ̀ lé e, tí wọn kì í jẹ́ kó padà sẹ́yìn.

Kò yani lẹ́nu báwọn àgbà ọlọ́kadà kan kò bá mọ̀ ọ́n. Jincheng AX100 tó gbòde kan nígbà kan rí máa ń sun ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo ni, kò ní irú fáàfù bẹ́ẹ̀ rárá. Ti Honda CG125, irin gígùn ló ń ti fáàfù, òun náà kò ní ṣéènì yìí. Ṣùgbọ́n Bajaj Boxer tó ń ti Íńdíà wá, tó kún ìgboro báyìí, ní in.

Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn ń mi ìṣó nínú agolo. Á hàn gan-an láàárọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á, tàbí nígbà tí ọ̀kadà dúró sójú kan tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá fún un níná, ó lè dínkù. Ariwo fáàfù fara jọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ wo ọ́ìlì àti àyè fáàfù, kó tó dá tẹ́ńṣọ́nà lẹ́bi.

Ọgbọ́n àrékérekè ló ń da ọ̀rọ̀ náà rú jù. Àwọn kan á fa sípíríǹgì kó gùn, àwọn mìíràn á ki wáṣà sẹ́yìn rẹ̀. Ariwo á lọ lóòótọ́, ọlọ́kadà á sanwó, á tún dúpẹ́, láìmọ̀ pé ṣéènì tó le jù ń jẹ rọ́bà tó ń gbà á dúró, tí èérún rọ́bà sì ń bọ́ sínú ọ́ìlì. Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n pa á tì, tí ṣéènì tó dẹ̀ fo eyín, fáàfù lè pàdé písítìnnì. Ó ti kúrò ní owó tẹ́ńṣọ́nà nìyẹn, ó ti di owó fáàfù, písítìnnì àti orí ẹ́ńjìnnì.

Pípààrọ̀ rẹ̀ kò le, àmọ́ ó létò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ọ̀kadà kan sí òmíràn. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Mẹkáníìkì á yọ púlọ́ọ̀gì, á yí ẹ́ńjìnnì títí àmì T ara máńgínẹ́ẹ̀tì á fi bọ́ sí ojú ibi tó yẹ, tí písítìnnì wà lókè, tí fáàfù méjèèjì sì padé. Á tú bóòtù àárín tó di sípíríǹgì mú, kó tó tú méjì tó so tẹ́ńṣọ́nà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Láti ìgbà náà lọ, kí ẹnikẹ́ni má tẹ kíìkì, torí kò sóhun tó di ṣéènì mú mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti irin inú tuntun wọlé pátápátá kí wọ́n tó dè é pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì tuntun. Sípíríǹgì ló máa wọlé kẹ́yìn. Ẹni tó bá dè é nígbà tí irin ṣì yọ síta, á fún ṣéènì kọjá ààlà, ó sì lè fọ́ tẹ́ńṣọ́nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Wọ́n á wá rọra yí ẹ́ńjìnnì yípo méjì, wọ́n á tún àmì wò, kí wọ́n tó ta á.

Kí ọlọ́kadà gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kó fojú ara rẹ̀ wò ó. Bí irin eléyín rẹ̀ bá ti yọ dé òpin, ṣéènì ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ra tẹ́ńṣọ́nà nìkan, ariwo náà kò ní pẹ́ padà. Ṣéènì, rọ́bà àti jíà tó ń yí i ló yẹ kí wọ́n jọ pààrọ̀. Kó mú ti àtijọ́ yìí dání lọ sọ́jà, kó fi wọ́n wéra kó tó sanwó.

Ní ti ọ́ìlì, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí kò gbà ju nǹkan bíi lítà kan lọ, nítorí náà díẹ̀ tó bá jò dànù ti pọ̀. Tó bá ti lọ sílẹ̀ tàbí tó dúdú tó nípọn, ṣéènì àti tẹ́ńṣọ́nà wà lára ohun tó máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni yíyọ ọ̀pá ọ́ìlì wò láàárọ̀ ń gbà, kí èrò àkọ́kọ́ tó gùn ún.